Jàjà, Padà, Wá: Ọgbọ́n Ọ̀rọ̀ Ìkẹyìn ní Ọjà Mile 12

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn ní ọjà Mile 12, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ló wọ́n jù. Alátà tó bá tètè sọ ọ́ á tajà ní àdánù. Èyí tó bá pẹ́ jù kó tó sọ ọ́, kọ́sítọ́mà rẹ̀ á ti kọjá sí ìsọ̀ kejì. "Ìyá, èló ni jálẹ̀?" ni oníbàárà máa ń béèrè, nígbà mìíràn kó tiẹ̀ tó wo ọjà dáadáa. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í fún un lésì lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ yí apẹ̀rẹ̀ tòmátì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Á fọwọ́ ti àwọn ti òkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí oníbàárà lè rí ti abẹ́. Á sọ iye tí ọkọ̀ gbà, á sọ iye tí alábàárù gbà, á pe owó kan, á gbọ́ tẹnu oníbàárà, á rẹ́rìn-ín, á yọ díẹ̀ kúrò. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ jálẹ̀. Ó mọ̀ pé ohun tí kò bá ti òkè bọ̀ kò lè jálẹ̀.

Bí a bá ń yin àwọn ará ọjà, iṣẹ́ ọwọ́ àti agbára ara la sábà máa ń yìn: bí alábàárù ṣe ń gbẹ́rù, bí alátà ṣe ń to apẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ẹnu ni mo fẹ́ yìn níbí, pàápàá apá kan tí ojú kì í tètè rí nínú rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ kékeré kan sọ ibi tí nǹkan padà já sí, àti ọ̀nà tó gbà kó tó débẹ̀. Wọ́n ń ṣe é ní Yorùbá, wọ́n ń ṣe é ní Píjìn, wọ́n sì ń ṣe é ní Gẹ̀ẹ́sì. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa gbé yẹ̀wò jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwa tí a jókòó sí kíláàsì fún ọdún gbọọrọ ti ń kọsẹ̀, tí àwọn kan tó ń ta ata sì ń rìn geere.

Ọjà náà fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ni. Mile 12 wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣòfẹ́, kò sì sí ilé tó ń dáná l'Ékòó tí ọjà yìí kò fọwọ́ kan ìkòkò rẹ̀. Òkè Ọya ni èyí tó pọ̀ jù nínú tòmátì, ata àti àlùbọ́sà ibẹ̀ ti ń wá. Tòmátì tí wọ́n ká ní agbègbè Kadawa ní ìpínlẹ̀ Kano, níbi tí omi ìdídò Tiga ti ń rin oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á gba Kàdúná, á gba Mokwa, á kọjá odò Ọya ní Jẹ́bà, á gba Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn kó tó wọ Èkó. Gbogbo ọ̀nà yẹn ló ń gbóná, tó ń mi jìgìjìgì, tí àwọn tó wà lókè sì ń tẹ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Tòmátì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti ká a ló ti ń bá ọjọ́ sáré.

Nítorí náà, ìbéèrè tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ọjà yìí, ìbéèrè nípa òpin ni. Ṣé ọkọ̀ ti dé? Báwo ló ṣe dé? Apẹ̀rẹ̀ mélòó ló yè? Èló ni wọ́n padà tà á? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó ni ọjà kì í sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tà á. Ó fi í rán ẹni tó máa bá a tà á, tó máa gba owó iṣẹ́ tirẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Dillali ni àwọn Hausa ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Alágbàtà ni àwa ń pè é. Alágbàtà kò ní ohun ìní méjì tó ju orúkọ rẹ̀ àti àbọ̀ tó ń jẹ́ lọ. Bí àbọ̀ rẹ̀ bá rúni lójú, ọjà tó ń bọ̀ á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń jẹ́ àbọ̀ fún lè jẹ́ Hausa ní Kano, ó lè jẹ́ Igbo tó ń ra ọjà lọ sí Alábà, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń ra oúnjẹ fún ilé ìtura. Gẹ̀ẹ́sì, tàbí Píjìn, ló máa ń wà láàárín wọn.

Mo gbọ́ ọ̀kan nínú irú àbọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu obìnrin kan tó ń ta tòmátì àti tàtàṣé ní apẹ̀rẹ̀-apẹ̀rẹ̀. Ó fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ń ṣa èyí tó ti rọ̀ kúrò lára èyí tó le. Ẹni tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ ń ra ọjà fún ilé oúnjẹ kan ní Victoria Island, kò sì gbọ́ Yorùbá. Ọjà tó yẹ kó dé lánàá kò dé. Gbólóhùn mẹ́ta ló fi ṣàlàyé. Ó ní: "I was calling the driver till morning, eventually he picked." Ó ju tòmátì méjì sínú ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó tún ní: "At last they entered Mile 12 by five." Ó mí kanlẹ̀, ó wo apẹ̀rẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé: "But many are soft, so in the end I can only give you six baskets."

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo iṣẹ́ tó ṣe yẹn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló lò, gbogbo wọn ló ń sọ pé nǹkan dópin, àmọ́ kò sí èyí tó lè jókòó sí àyè èkejì kí ọ̀rọ̀ má yí. "Eventually" ń sọ pé àkókò kọjá, ohun tí à ń retí sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìdádúró. Kò sọ bó ṣe rí lára ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Aago nìkan ló ń kà. Fún awakọ̀ tí kò gbé fóònù láti òru dé àárọ̀, ìyẹn tó. Obìnrin náà kò fẹ́ ṣàròyé, kò sì fẹ́ bú ẹnikẹ́ni lójú kọ́sítọ́mà.

"At last" ní tirẹ̀ ní ọkàn nínú. Ẹni tó bá sọ ọ́ ti ń retí nǹkan, ó ti ń fẹ́ ẹ, ó sì ti jìyà díẹ̀ lórí rẹ̀. Ìtura ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ nípa bí ọkọ̀ ṣe wọlé ní aago márùn-ún, ó fi ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ oníbàárà: ohun tí ìwọ ń dúró dè ni èmi náà ń dúró dè. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló fi bẹ̀bẹ̀, tí kò sì bẹ̀bẹ̀.

"In the end" ló gbé sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń wá lẹ́yìn àríyànjiyàn, lẹ́yìn ìyípadà, lẹ́yìn ìgbà tí a bá ti gbé nǹkan wò lọ́tùn-ún lósì. Ó ń sọ fún olùgbọ́ pé: a rò ó, a ṣà á, a kà á, ibi tó já sí nìyí. Ká ní ó sọ pé "At last I can only give you six baskets" ni, á dà bíi pé apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà ni àdúrà tó ti ń gbà láti òru. Kọ́sítọ́mà yẹn á bínú, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ká ní ó sọ pé "In the end he picked," á jọ pé òun àti awakọ̀ ti jọ ń fa nǹkan mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ó yẹra fún ìkọsẹ̀ méjèèjì láìdúró ronú, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Mo tún kíyè sí ibi tó ń gbé wọn sí. Iwájú ohun tó fẹ́ sọ ló fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí, kí etí olùgbọ́ lè mọ irú ìròyìn tó ń bọ̀ kí ìròyìn náà tó dé. Ó sì jẹ́ kí ìyọnu ṣáájú: ìpè láti òru, ìdádúró, tòmátì tó rọ̀. Ọ̀rọ̀ òpin tí kò ní ọ̀nà lẹ́yìn kì í wúwo. Ìwé ìròyìn kún fún irú rẹ̀: wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìtàn pẹ̀lú "finally" nígbà tí kò tíì sí ẹni tó mọ ohun tó ń pẹ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nínú àpò Gẹ̀ẹ́sì. "Finally" ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó lè parí ètò, ìyẹn àkọ́kọ́, ìkejì, èyí tó kẹ́yìn, ó sì lè sọ pé ohun tó ti pẹ́ wá ṣẹlẹ̀. "Lastly" kò ju iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn lọ. "At the end" máa ń fẹ́ ohun tó ní òpin: òpin oṣù, òpin ọ̀nà, òpin ìpàdé. Bí ẹ bá gbọ́ "At the end, they agreed" lẹ́nu ẹnì kan, "In the end" ló fẹ́ sọ. "After all" sì máa ń wá nígbà tí nǹkan bá já sí òdì kejì ohun tí a rò, tàbí nígbà tí a bá fẹ́ rán olùgbọ́ létí ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun kan wà tó mú kí n gbà pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ju gírámà lọ: wọ́n máa ń tú àṣírí ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dúró sí. Ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2021. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, ẹ̀mí sọnù, ohun ìní jóná. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta oúnjẹ àti màlúù, Amalgamated Union of Foodstuff and Cattle Dealers of Nigeria, sọ pé àwọn kò ní gbé oúnjẹ wá sí ìhà Gúúsù mọ́ láti ọjọ́ 25 oṣù náà, wọ́n sì ń béèrè owó gbà-má-bínú 475 bílíọ̀nù náírà. Ọkọ̀ dúró lọ súà ní Jẹ́bà. Àlùbọ́sà àti tòmátì gbówó lórí l'Ékòó, Mile 12 sì wà lára àwọn ibi tí ọ̀wọ́n náà ti kọ́kọ́ hàn. Lẹ́yìn ìpàdé pẹ̀lú àwọn aṣojú ìjọba ní Àbújá, ẹgbẹ́ náà dá ìyanṣẹ́lódì náà dúró ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà nìyẹn, àmọ́ ẹ wo bí ẹnu ṣe máa yàtọ̀. Ìyá tó ń ta àmàlà ní Kétu, tí kò rí ata rà fún ọjọ́ mélòó kan, òun ló lè sọ pé "At last the trucks have come." Ẹni tó jókòó sí ìpàdé tí wọ́n ti jiyàn á sọ pé "In the end we suspended it." Oníròyìn tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni á kọ ọ́ pé "The trucks eventually moved." Ẹni tó rò pé ọ̀rọ̀ náà á di oṣù kan, tó wá rí i pé kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi parí, á ní "It was short after all." Ẹni tó sì ti kó àlùbọ́sà pa mọ́ ní Èkó kí ọ̀wọ́n tó dé, tó ń jèrè lórí rẹ̀, kò ní sọ "at last" láé. Bó bá sọ ọ́, kò wá látọkàn rẹ̀. Ẹni tó bá ń fetí sílẹ̀ dáadáa lè mọ ẹni tó pàdánù àti ẹni tó jèrè láti inú ọ̀rọ̀ òpin nìkan.

Ta ló kọ́ obìnrin alátà yẹn? Èrò tèmi ni pé Yorùbá ló kọ́ ọ. Èdè wa ti ya àwọn òpin yìí sọ́tọ̀ tipẹ́tipẹ́, ó kàn gbé wọn sí ibòmíràn nínú gbólóhùn ni. Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń gbé tirẹ̀ sí iwájú tàbí ìparí. Yorùbá máa ń fi tirẹ̀ ti ọ̀rọ̀ ìṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọkọ̀ náà jàjà dé": ìyà wà níbẹ̀, ìtura wà níbẹ̀, "at last" nìyẹn. "Awakọ̀ náà padà gbé fóònù": ó pẹ́, a ti ń rò pé kò ní ṣẹlẹ̀, ó ṣẹlẹ̀, "eventually" nìyẹn. "Wọ́n wá gbà nígbẹ̀yìn": ọ̀rọ̀ ti yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún kó tó fìdí kalẹ̀, "in the end" nìyẹn. Bí a bá sì ní "Ṣebí ọmọ rẹ̀ ni," ohun tí olùgbọ́ ti mọ̀ la fi ń rán an létí, gẹ́gẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń fi "after all" ṣe é. Fún ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Kò sí ìwé gírámà tó lè ṣàlàyé "eventually" jù bẹ́ẹ̀ lọ: àkókò á gùn, ẹnu á wúwo, àmọ́ orúkọ náà á jáde.

Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa sọ pé "Mo jàjà pàdánù owó mi." Etí rẹ̀ á kọ̀ ọ́, torí "jàjà" ń fẹ́ ohun tí a ń lépa. Ọmọ yẹn kan náà lè jókòó sínú gbọ̀ngàn ìdánwò WAEC kó kọ pé "At last I lost my money," láìmọ̀ pé ohun tí etí rẹ̀ kọ̀ ní Yorùbá ni ọwọ́ rẹ̀ ń kọ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn mìíràn á kọ àròkọ oníkókó mẹ́ta: "firstly," "secondly," "at last." Olùkọ́ á fi bírò pupa fa ìlà sí i, kò ní sọ ìdí. Ìdí náà kò jìnnà: kò sẹ́ni tó ń fi ìyà retí kókó kẹta.

Píjìn náà ti dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì dára. "Las las" ni wọ́n ń pè é. Orin Burna Boy tó jáde lọ́dún 2022 pẹ̀lú àkọlé "Last Last" gbé gbólóhùn náà dé etí àwọn tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ Èkó rí. Àmọ́ àwọn ọmọ ọjà ti ń lò ó tipẹ́ kí orin tó gbé e. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni gbígba kádàrá: bó ti wù kó rí, ibi tó máa já sí nìyí, a ó sì là á já. Obìnrin alátà yẹn mọ̀ ọ́n lò pẹ̀lú. Nígbà tó gbé fóònù kalẹ̀, tí ọmọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke bi í ní Píjìn pé báwo ni ọjà, "Las las, we go sell am" ló fi dá a lóhùn. Kò sọ ọ́ fún kọ́sítọ́mà Victoria Island, torí ìdánilójú ni ẹni yẹn ń wá, kò wá ìtùnú. Ó mọ ẹni tó yẹ kó gbọ́ èwo.

Èyí tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rárá ni "at the end of the day," tí àwọn olóṣèlú wa àti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò fi ń dí gbogbo ihò tó bá ṣí sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Lọ́dún 2004, Plain English Campaign ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bi àwọn alátìlẹ́yìn wọn ní orílẹ̀-èdè tó lé ní àádọ́rin pé gbólóhùn wo ló ń sú wọn jù. Òun ló gbégbá orókè. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé wọ́n ń sọ ọ́ nígbà tí kò sí nǹkan kan tó dópin. Alágbàtà kò lè ṣe irú rẹ̀. Bó bá ní ọjà ti já sí ibì kan, owó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, apẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ni ọjà sì lè pe ẹlòmíràn láti wádìí. Òótọ́ ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ òpin rẹ̀ fi ń wúwo létí.

Ẹ̀yin olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Kétu, ní Ìkòsí, ní Agílítì àti níbikíbi tí ọmọ Yorùbá ti ń jókòó sí kíláàsì, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó kọ "at last", "in the end" àti "eventually" sára pátákó, ẹ kọ "jàjà", "wá" àti "padà" síbẹ̀ ná. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ ìtàn ọkọ̀ tó pẹ́, ọjà tó rọ̀, owó tí wọ́n yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ ní Yorùbá dé òpin kó tó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń tajà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé èdè ọjà ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ yín jẹ́. Ẹ mú wọn dání lọ sí ìsọ̀ nígbà ìsinmi, kí wọ́n gbọ́ bí ẹ ṣe ń jẹ́ àbọ̀ fún oníbàárà, torí ohun tí ìdánwò WAEC ń béèrè lọ́wọ́ wọn ni ẹ ń ṣe níbẹ̀ lójoojúmọ́.